Bí mo ṣe gbẹ́ ìdí tuntun fún ìbọn bàbá àgbà

Nígbà tí bàbá kékeré mi gbé ìbọn bàbá àgbà sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, ìdí rẹ̀ rún sí i lọ́wọ́ bí àkàrà àná. Ikán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ inú igi náà tán, èèpo lásán ló fi sílẹ̀ níbi tó pọ̀ jù. Ṣakabùlà ni, irú èyí tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ó ku oṣù mẹ́ta tí a ó ṣe ìrántí ogún ọdún tí bàbá àgbà papòdà, àwọn ọlọ́dẹ Ògìdì sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. Ojú wo la fẹ́ fi gbé ìbọn tí kò nídìí síwájú ọlọ́dẹ?

Bàbá kékeré wò mí tìka-tẹsẹ̀. "Ṣebí ìwọ lò ń fi igi ṣe àga tà ní Kàbà? Iṣẹ́ rẹ rèé."

Àga ni mo mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, àga àti ilẹ̀kùn. N kò fọwọ́ kan igi ìbọn rí. Àmọ́ ta ló ń bá bàbá kékeré jiyàn nínú ilé wa?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò kan igi rárá. Ìbọn tó ti sùn lórí àjà fún ogún ọdún, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Mo wá ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo tì í bọ ẹnu ìbọn náà títí ó fi kanlẹ̀. Mo fi ìka di ibi tí ọ̀pá náà ti bá ẹnu ìbọn mu, mo fà á yọ, mo wá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà níta. Bí ìbọn bá ṣófo, orí ọ̀pá yẹ kó dé ọ̀gangan ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé. Kò dé ibẹ̀. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n: irin náà jẹ́ 112 sẹ̀ǹtímítà, síbẹ̀ ó ku nǹkan bíi 11 tí ọ̀pá kò dé.

Àyà mi là gààràgà. Ìbọn tí àwa ọmọdé máa ń yọ́ gbé sọ̀kalẹ̀ fi ṣeré ológun nígbà ìsinmi ọdún, tí a máa ń na ẹnu rẹ̀ síra wa!

Mo rọra gbé e lé ilẹ̀, mo lọ pe Olúọdẹ. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó wà níwájú ẹnu ìbọn kúrò, wọ́n bu omi, wọ́n dà á sí i títí ó fi kún, wọ́n gbé e dúró sí kọ̀rọ̀ ògiri. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n padà wá pẹ̀lú irin wọn tí orí rẹ̀ wé bí ìrù alágẹmọ. Èhá ẹyìn ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà wẹ́wẹ́ irin bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, kí ẹrẹ̀ dúdú kan tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ tó tẹ̀lé e. Olúọdẹ fi ìka tẹ ẹrẹ̀ náà. "Òkun o, bàbá arúgbó," wọ́n kí olóògbé bí ẹni pé ó jókòó tì wá. Wọ́n yíjú sí mi: "Ẹ̀tù tí omi ò kàn kì í kú, ọmọ mi. Bí iná bá kan èyí lánàá, á dáhùn."

Àwọn náà ló ní kí alágbẹ̀dẹ dí ihò iná rẹ̀ pa kí n tó bẹ̀rẹ̀, kó má lè yìn mọ́ láé. Ó dùn mọ́ mi. Òfin ìbọn ti 1959 kò fàyè gba káfíńtà láti máa tún ìbọn tó ń yìn ṣe lẹ́yìnkùlé. Ìwé àṣẹ bàbá àgbà, tí wọ́n gbà nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, bá wọn lọ sínú sàréè. Ohun ìrántí ni mo ń tún ṣe.

Ìbátan mi kan tó ń jó irin ní Kàbà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wo irin náà, ó rí ìpẹtà, ó ṣe ṣíọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi páìpù omi tuntun rọ́pò rẹ̀, pé iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni, pé báyìí ni wọ́n ń ṣe é káàkiri.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é káàkiri lóòótọ́, ohun tó sì mú kí ìka ọlọ́dẹ púpọ̀ má pé mọ́ nìyẹn. Páìpù omi, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká, tí wọ́n wá so pọ̀ lójú kan, ló pọ̀ jù nínú wọn. Omi ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ̀tù bá bú nínú rẹ̀, ojú tí wọ́n so pọ̀ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ là, ọwọ́ òsì tí ọlọ́dẹ fi gbé ìbọn ró ló sì máa ń wà níbẹ̀. Mo sọ fún ìbátan mi pé bí ìbọn náà kò tilẹ̀ ní yìn mọ́, n kò fẹ́ páìpù lára ohun tí bàbá àgbà fi ọwọ́ gbé.

Inú mi dùn pé mo ṣe agídí. Nígbà tí mo fi kẹrosíìnì rin irin náà mọ́jú, tí mo wá fi àkísà nù ún, àmì kékeré kan yọ nísàlẹ̀ irin, níbi tí igi ti bò ó mọ́lẹ̀: ẹ̀yà bí ẹyin, lẹ́tà E, L, G nínú rẹ̀, ìràwọ̀ kan lábẹ́ wọn. Àmì Liège nìyẹn, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Bẹ́ljíọ̀mù. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sára irin, wọ́n ti ní láti kó ẹ̀tù tó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú rẹ̀ kí wọ́n yìn ín wò. Èyí tó bá là, wọ́n á sọ ọ́ nù. Láti 1893 ni wọ́n ti ń fi adé lé orí ẹyin náà. Èyí kò ládé. Irin yìí ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ó dàgbà ju bàbá àgbà fúnra wọn lọ. Mo fi ewé ìpín tó ń ha ara bí ahọ́n màlúù fọ ìyókù, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó kan àmì náà. Ó mà ṣe o, àwọn òyìnbó ń pe irú ìbọn yìí ní ti ará Denmark, nítorí àwọn ará Denmark tó ní odi ní Accra kí wọ́n tó tà á fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Tiwa wá jẹ́ ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù.

Igi ló wá kù. Mo gbé èérún igi àtijọ́ náà lé páálí, mo fi pẹ́ńsù yí i ká, mo gé páálí náà, òun nìkan ni mo mú lọ sí Kàbà. Kò sí ẹni tó lórí pípé tí yóò gbé ṣakabùlà lé ọ̀kadà ní ọ̀nà wa láyé ìjínigbé yìí, kó wá máa ṣàlàyé fún àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró pé ti bàbá òun ni.

Pákó apá tí mo rà ní ibi ìlagi kò tíì gbẹ dáadáa, mo mọ̀, àmọ́ ìkánjú wọ̀ mí lẹ́wù. Mo gé e ní ìwọ̀n páálí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìfági fá a. Ọjọ́ kejì, mo gbé e ró láti wò ó, ó dá kẹ́ẹ́ ní ọrùn, níbi tí ìdí ti tẹ̀ wálẹ̀ láti lọ sí èjìká. Mo gbé méjèèjì dání bí ẹni tó dá abẹ́bẹ̀. Àṣìṣe tèmi ni: iṣan igi náà dábùú ọrùn. Lára àga, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ń gbé ìwúwo, bí iṣan dábùú díẹ̀ kò burú. Ọrùn ìbọn kò ní alábàágbé, iṣan gbọ́dọ̀ bá ibi tó tẹ̀ rìn.

Bàbá kékeré kò bú mi. Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé, síbi yàrá tí òjò wó, wọ́n fi ẹsẹ̀ tari àtérígbà ilẹ̀kùn rẹ̀. Apá ni òun náà, ó gbẹ kanrankanran, ikán kò sì rí i jẹ. Igi tó ti gbé ògiri ró láti ìgbà tí wọ́n bí bàbá mi kò tún ní nǹkan kan tí yóò fi ká mọ́. Mo yí páálí kiri lórí rẹ̀ títí mo fi rí ibi tí iṣan ti tẹ̀ díẹ̀ nítòsí kókó kan, mo gé e níbẹ̀.

Gbígbẹ́ ojú tí irin yóò sùn sí ló gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá wò ó lójú lásán á rò pé kò sí wàhálà: ṣe bí ẹni ń gbẹ́ ọpọ́n gígùn. Ṣùgbọ́n bí ibì kan bá ga díẹ̀ péré, irin á máa mì. Ọgbọ́n tí mo dá rèé. Mo ha dúdú ìdí ìkòkò ìyá mi, mo fi àdín pò ó, mo fi ìka pa á sára irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo tẹ irin mọ́ ojú igi, mo gbé e kúrò. Ibi tó bá dúdú lára igi ni ibi tó ga. Mo fi ọ̀bẹ ha ibẹ̀ nìkan, bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹ̀kọ. Mo tún pa á, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi mẹ́ta péré ló dúdú. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejìlá, dúdú náà tàn láti òkè dé ilẹ̀ bí òjìji, irin sì wọlé pẹ̀lú ìró kékeré kan, *pọ́*, bí ẹni ṣí ìgò. Mo pe ìyàwó mi wá gbọ́ ọ. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo fi ewé ìpín dán ara igi. Mo wá fi àdín pa á, mo ṣi iṣẹ́ ṣe nìyẹn: àdín kì í gbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, eruku ti dà bò ó, ó rí bí adìyẹ tó yí nínú eérú. Ó di kí n fi ewé ìpín fọ ọ́ lákọ̀tun. Ìda oyin ni Olúọdẹ fún mi, mo yọ́ ọ nínú agolo tí mo gbé sínú omi gbígbóná, mo fi kẹrosíìnì díẹ̀ là á nígbà tó ti kúrò lórí iná, mo fi àkísà gbóná fọ ọ́ wọ inú igi. Awọ ewúrẹ́ tútù ni mo fi di irin mọ́ igi níbi mẹ́ta. Bí awọ yẹn ti ń gbẹ, ó ń súnki, ó dì wọ́n mọ́ra ju ìṣó lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló wá kù tí kò jẹ́ kí n sùn. Lára igi àtijọ́, bàbá àgbà fi ọ̀bẹ gé ìlà mẹ́rìnlá, fún ẹran ńlá tí wọ́n pa. Ṣé kí n gé ìlà mẹ́rìnlá sára igi tuntun? Èmi tí n kò pa òkété rí! Mo gé ibi tí ìlà náà wà kúrò lára igi àtijọ́, ó dára pé ikán kò tíì dé ibẹ̀, mo gbẹ́ ihò tó bá a mu sí ìdí tuntun, mo fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àwọ̀ wọn kò jọra, ojú ìsopọ̀ náà hàn gbangba. Iṣẹ́ tí oníbàárà bá rí bẹ́ẹ̀ lára àga mi, á ní kí n dá owó òun padà.

Lọ́jọ́ ìrántí, Olúọdẹ gbé ìbọn náà lé itan, wọ́n fọwọ́ ra ọrùn rẹ̀, wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá fi ìka ka ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di ìkeje, wọ́n dúró.

"Ẹfọ̀n lèyí," wọ́n ní. "Èmi ni mo pa á. Bàbá yín kàn bá mi gbé itan rẹ̀ wálé ni."

Bàbá kékeré ti dìde kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.