Bí mo ṣe ya Ìbàdàndùn tèmi, àti ibi tó gbé mi dé

Télọ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi àdìrẹ tí ẹlòmíràn ṣe rán bùbá fún oníbàárà, tó sì ń wù mí kí n fi ọwọ́ ara mi ya odindi ìró kan. Kì í ṣe àdìrẹ kan ṣáá o, Ìbàdàndùn ni. Ẹni tó bá ti rí ojúlówó rẹ̀ rí á mọ̀ ọ́n: àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 á tò lọ rẹrẹ, ṣíbí á sì wà láàárín wọn. Ìsàlẹ̀ òkè Mápó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

Mo gba Òṣogbo lọ, ìlú aró, sọ́dọ̀ màmá kan tó ṣì ń fi èlú pa aró. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá.” Wọ́n dáhùn, wọ́n ní kí n na ọwọ́ mi wá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. “Ọwọ́ télọ̀ rèé. Ó yá, àmọ́ ó ti ń kánjú jù.”

Ẹ̀kọ ni a kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe èyí tí à ń mu o: ibi tí a bá fi í kọ lára aṣọ, aró kì í wọ ibẹ̀ dáadáa. A jọ láfún kúnná, a pò ó mọ́ omi, a sì rò ó lórí iná pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀. Tó bá ṣàn jù, á tàn kálẹ̀ lára aṣọ. Tó bá ki jù, kò ní kúrò lẹ́nu ìyẹ́. Ìyẹ́ adìyẹ la fi ń kọ ọ́. Mo ká aṣọ òwú funfun náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kí ojú ìká rẹ̀ lè jẹ́ ìlà fún mi, mo wá jókòó tì í. Ṣíbí kò ni mí lára. Àwọn òpó yẹn ni iṣẹ́ wà, torí pé ìlà wọn gbọ́dọ̀ gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀kọ á sì fẹ́ gbẹ sẹ́nu ìyẹ́ kí ọwọ́ tó dé ìsàlẹ̀. Ojú kan ṣoṣo là ń kọ, a kì í kan ẹ̀yìn aṣọ. Ó gba sùúrù ju kí n ran agbádá lọ, mo fi ẹ̀rí ọkàn sọ ọ́.

Ní ti aró, tèmi ni kí n máa wò. Ewé èlú tútù ni wọ́n ti gún nínú odó, tí wọ́n mọ ní ìṣù, tí wọ́n sì sá. Omi eérú ń kán láti inú ìkòkò tí wọ́n dá ìdí rẹ̀ lu, Màmá sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbà pé ó ti kan. Inú omi yìí ni èlú á wà títí á fi bà. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kí wọ́n tó ṣí ìkòkò, wọ́n júbà Ìyá Mápó, òrìṣà àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́. Kristẹni ni mí, mo kàn dúró, mi ò fọhùn.

Wọ́n ní kí n ri aṣọ bọ̀ ọ́, kí n má fún un, kí ẹ̀kọ má baà sán. Nígbà tí mo fà á jáde, àwọ̀ ewé ló ní! Mo wo Màmá. Wọ́n ní kí n fà á sínú afẹ́fẹ́. Lójú mi báyìí ló ń ṣú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di aró. A rì í, a fà á, a tún rì í, títí ó fi dú bí Màmá ṣe fẹ́. Ìgbà tó gbẹ tán ni a họ ẹ̀kọ kúrò, tí òpó Mápó yọ ní àwọ̀ sánmà.

Ìró yìí ni mo ró lọ sí ìgbéyàwó kan, ibẹ̀ ni obìnrin kan ti ní òun fẹ́ ẹ fún aṣọ ẹbí. Gbogbo ẹbí! Ìyẹ́ adìyẹ ò lè bá a débẹ̀. Mo sọ fún un pé aró òyìnbó ni màá lò àti pé páànù la ó fi tẹ̀ ẹ́, ó gbà. Mo bá lọ sí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń gé àwòrán sára páànù, tí wọ́n á gbé e lé aṣọ, tí wọ́n á sì fi ẹ̀kọ fá a kọjá. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fojú kéré páànù. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé ewé tín-ín-rín jáde lára irin kò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Páànù yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán tèmi: àlùmọ́gàjí, bọ́bìnì, téèpù tó ká bí ejò. Àwọn kan ní kò jọ àdìrẹ. Ṣé àwọn ìyá wa kọ́ ló gbé ọba òyìnbó àti ayaba sáàárín aṣọ Olóba nígbà júbílì 1935? Ohun tó bá wà níta ni wọ́n ń yà.

Ilé-ìwé kan tún pè mí kí n wá kọ́ àwọn ọmọ nígbà ọlidé. Mo kọ́kọ́ kọ̀, mo gbà nígbẹ̀yìn. Àdìrẹ oníko, èyí tí a ń fi ìko di aṣọ kí a tó rì í, ni mo fi kọ́ wọn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ìko péré, ariwo wọn nígbà tí wọ́n tú u kọjá sísọ. Ẹni tó ní kí n ta àwòrán mi fún òun, kí ẹ̀rọ lè máa tẹ̀ ẹ́ jáde nílẹ̀ òkèèrè, òun ni mi ò dá lóhùn. Irú rẹ̀ ti pọ̀ lọ́jà jù. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ojúlówó, ẹ yí aṣọ náà padà: ti ẹlẹ́kọ, ìyẹn àdìrẹ tí a fi ẹ̀kọ ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ á dú ju ojú rẹ̀ lọ, torí ojú kan la fi ẹ̀kọ sí.

Èyí tí mo fi èlú ṣe wọ́n díẹ̀, mi ò sì ń gba ẹ̀dínwó lórí rẹ̀. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀, kí ẹ sì sá a síbi tí òòrùn ò dé.