Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀dá Dán Slime Mold Wò, Tí A Sì Ń Jí I Padà

Slime mold tó ń jẹ́ Physarum polycephalum kì í ṣe olú, kì í sì í ṣe ewéko. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ ó lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ojú lásán lo máa fi rí ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe bí ìnira bá dé bá a.

Kọ́kọ́ se gíráàmù 2 ágà, ìyẹ̀fun tó ń mú kí omi dì, nínú mìlílítà 100 omi títí á fi yọ́. Dà á sínú abọ́ pẹlẹbẹ tó lọ́mọrí, jẹ́ kó dì. Gbé ègé slime mold lé e, fi hóró óòtì méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó o gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Tó bá di ọjọ́ kejì, á ti na ẹ̀ka kiri bí iṣan ẹ̀jẹ̀. Fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo iṣan kan: omi inú rẹ̀ á ṣàn lọ, á dúró, á ṣẹ́rí padà, ní bí ìṣẹ́jú kan síra. Mi ò tíì rí ohun tó dùn ún wò tó ìyẹn.

Bu iyọ̀ díẹ̀ sójú ọ̀nà rẹ̀, á yà gba ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ìnira lè mọ́ ọn lára. Ní 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Toulouse, nílẹ̀ Faransé, fi kaféènì, èròjà kíkorò tó wà nínú kọfí, sórí afárá tó lọ síbi oúnjẹ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń lọ́ra; láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò kà á sí mọ́.

Tó bá kan ọ̀dá, má kánjú. Jẹ́ kó wọ́ bọ́ sórí bébà asẹ́ tó rin, kó oúnjẹ kúrò, ṣí ọmọrí díẹ̀, kó máa gbẹ nínú òkùnkùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Mo ti gbé ọ̀kan sóòrùn rí kó lè tètè gbẹ, ó kú. Gbígbẹ òjijì kì í jẹ́ kó ráyè múra. Bí ọ̀dá bá rọra dé, á pín inú ara rẹ̀ sí yàrá kéékèèké, á mọ ògiri yí wọn ká, á wá le bí èépá. Ó lè sùn báyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òkùnkùn ṣe pàtàkì: bí ebi àti ìmọ́lẹ̀ bá pa pọ̀, dípò kó sùn, á hu orí kéékèèké dúdú tó kún fún hóró bí eruku, kò sì ní padà mọ́.

Láti jí i, gbé bébà náà lé ágà tuntun, kán omi sí i, fi óòtì kan sítòsí. Ní bí wákàtí 24, máa wo etí èépá náà: ilà aláwọ̀ ìyeyè tín-ín-rín á yọ, á sì máa wọ́ lọ bá óòtì.