Bí mo ṣe wo ewéko fún wákàtí 3 láì rìn jìnnà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọgbó lọ wo ewéko, ká sòótọ́, eré ni mo ń sá. Mo rìn bíi kìlómítà 4, mo ya fótò bíi 60, mo délé tán gbogbo ẹ̀ wá jọra, mi ò mọ èyí tó wà nínú oòrùn àti èyí tó wà níbòji mọ́. Mo fi han áàpù tó ń dá ewé mọ̀, orúkọ 3 ló fún ewé kan ṣoṣo! Kì í ṣẹjọ́ áàpù o, ewé nìkan ni mo yà, mi ò ya òdòdó, mi ò ya ẹ̀yìn ewé, mi ò ya ibi tó ti so mọ́ ẹ̀ka.

Lẹ́ẹ̀kejì mo mú ìwé kékeré, pẹ́ńsù (báírò kì í kọ dáadáa lórí ìwé tó bá tutù) àti okùn mítà 4. Okùn yẹn ló wúlò jù. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó ní igun 4, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan mítà 1, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo ń ka gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Níbi tí oòrùn ti ń ràn gan-an, oríṣi 11, koríko ló pọ̀ jù, mo wá gbé e lọ sábẹ́ igi ńlá kan, oríṣi 5 péré. Ewé àwọn tibòji yìí fẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́, torí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ń jò wọlé ni wọ́n fẹ́ gbà mú, tinú oòrùn kéré, ó nípọn. Mo ti kà á rí, àmọ́ ìgbà tí mo fọwọ́ pa méjèèjì wò ló tó yé mi.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyí: igi kékeré kan, mo ti kọ ọ́ pé ewé ẹ̀ ń jáde ní méjì méjì. Ibi tí ewé bá ti so mọ́ ẹ̀ka, èéhù kékeré kan máa ń wà ní abíyá ẹ̀. Mo wá a títí nídìí àwọn ewé wẹ́wẹ́ yẹn, kò sí, àfìgbà tí mo tọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó so wọ́n pọ̀ dé ìdí ni mo rí i, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àṣé gbogbo wẹ́wẹ́ 14 yẹn, ewé kan ṣoṣo ni! Mo pa á rẹ́.

Ọrùn ti ń dùn mí ni mo bá gbójú sókè, mo rí ẹ̀ka kan tí àwọ̀ ewé ẹ̀ ò bá tìyókù mu. Afòmọ́ ni. Afòmọ́ ò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, ara igi tó gùn lé ló ti ń fa omi, àmọ́ ewé ẹ̀ tútù, oòrùn ló fi ń se oúnjẹ tara ẹ̀, kì í ṣọ̀lẹ tó báyẹn. Ẹyẹ ló ń bá a gbin ara ẹ̀: kóró ẹ̀ ń lẹ̀ bí àtè, ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́ á wá fẹnu tàbí ìdí nu ara ẹ̀ka míì kó lè já. Mo dúró kí n rí ẹyẹ kan, kò wá, èèrà ló wá, inú ṣòkòtò mi ló sì gbà.

Kí n tó lọ mo fi òkúta 4 sàmì sí igun tibòji yẹn. Mo padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, òjò ti rọ̀, 5 ti di 8, àmọ́ méjì nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, ewé méjì méjì péré, mi ò tíì lè pè wọ́n lórúkọ.