Kí Owó Àwòrán Tó Dé Ọwọ́ Ọmọ: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Àfihàn Iṣẹ́ Ọnà fún Àwọn Ọmọ Aláìní

Ní alẹ́ ọjọ́ tí àfihàn wa àkọ́kọ́ parí ní Ìbàdàn, àwa mẹ́rin la jókòó yí tábìlì kan ká tá a ń ka owó. Àwòrán mọ́kàndínlógún la tà, ẹnu wa ò padé. Ìgbà tá a wá yọ owó gbọ̀ngàn, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó alásè, owó onílù àti owó alága tó darí ètò, èyí tó kù kò tó owó ilé ìwé ọmọ méjì fún ọdún kan. Ọmọ méjìlá la sì kọ sínú ìwé ìpè. Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀ nínú wa. Ìrẹsì àti ẹran ló jẹ owó náà.

Àṣìṣe yìí ló ń pa irú ètò bẹ́ẹ̀ jù, àwa Yorùbá la sì mọ̀ ọ́n ṣe jù: ká sọ àfihàn di ówàḿbẹ̀. Ẹnìkan á ní, "Ṣé a máa pe àwọn èèyàn ńlá, a ò wá ní fún wọn ní nǹkan jẹ ni?" Kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ ti yan ànkó, ẹ ti háyà kánópì. Ẹ kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ ìwé ìpè, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó máa gbé e: ilé iṣẹ́ kan, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yín, ẹni tó ní gbọ̀ngàn. Bẹ́ ò bá rí ẹni gbé e, ẹ dín in kù. Gbọ̀ngàn ilé ìwé tó, zóbò àti ẹ̀pà tó. Ìnáwó tẹ́ ẹ bá ti fà sórí owó àwòrán, ẹnu ọmọ lẹ ti yọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bá a ṣe ń bá àwọn ayàwòrán sọ̀rọ̀. A máa ń lọ bá wọn bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ra ọ̀dà. "Ẹ ṣáà fún wa ní ọ̀kan, nítorí Ọlọ́run, ti àwọn ọmọ ni." Ayàwòrán kan náà yẹn, ìjọ mẹ́ta àti ilé ìwé méjì ti lọ bá a lọ́dún kan ṣoṣo. Kánfáàsì àti ọ̀dà tó ń lò, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú wọn wá, dọ́là ló ń sọ iye wọn. Kò ní lè sọ pé rárá, torí ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa nawọ́ sí, á fa èyí tí kò rí ẹni rà láti ọdún mẹ́fà yọ fún yín. Ẹ̀yin náà á gbé e kọ́, kò sì ní rí ẹni rà á lọ́dọ̀ yín náà. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.

Àwọn ilé àfihàn tó ń bá ayàwòrán tajà sábà máa ń mú ìdá 30 sí 50 nínú 100, nítorí náà owó pípín kì í ṣe tuntun sí i. Ẹ pín in pẹ̀lú rẹ̀. Ìdajì owó iṣẹ́ gidi tó tà sàn ju odindi owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé padà sílé lọ. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí ẹ kò gbọdọ̀ tà á kéré sí, ẹni tó máa sanwó bí iṣẹ́ bá fà ya, ọjọ́ tí ayàwòrán máa gba owó rẹ̀, ọjọ́ tí èyí tí kò tà máa padà délé. Ẹgbẹ́ kan tí mo mọ̀ tẹ àwòrán tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ sára kàlẹ́ńdà àti ife, wọ́n ń tà á kiri. Ẹni tó ni kánfáàsì kọ́ ló ni ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà, ọwọ́ ayàwòrán ni ẹ̀tọ́ yẹn ṣì wà, àfi tó bá fọwọ́ síwèé pé òun gbé e fún ẹlòmíì.

Iye tẹ́ ẹ máa pè é náà ńkọ́? Láti ìgbà tí "Tutu" tí Ben Enwonwu ya, àwòrán ọmọ ọba Ifẹ̀ yẹn, ti tà ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní gbàǹjo Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2018, gbogbo ẹni tó bá ní búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ló ń lálàá. Ẹ béèrè iye tí ayàwòrán ta iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá nǹkan kéékèèké mọ́ ọn, àdìrẹ, ìlẹ̀kẹ̀, káàdì, torí olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó wá wòran náà fẹ́ mú nǹkan lọ sílé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti fọ́tò. Wọ́n á ya ọmọ tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tóbi bí ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ yẹn máa lọ sílé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì ti rí i lórí WhatsApp. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀; ti pé ó jẹ́ aláìní kò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi àfihàn kan tí mo lọ l'Ékòó, wọ́n wọ ànkó fún ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, wọ́n ní kó dúró ti àwòrán láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá kan fún un ní igba náírà, ó ní kó gbàdúrà fún òun. Mo rántí àwọn ìyá ìbejì tó máa ń gbé ọmọ jó kiri ọjà nígbà tí mo wà ní kékeré: ìyá wọn ló pọ̀n wọ́n, owó tí wọ́n bá sì ta wọ́n lọ́rẹ, ti ìbejì ni. Ti ọmọ yìí, ẹnìkan ti gba igba náírà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá pé òun á bá a tọ́jú ẹ̀.

Ẹ wo Òṣogbo. Lọ́dún 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ òṣèré àti Ulli Beier ọmọ Jámánì dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbẹ̀. Twins Seven-Seven tó ń jó kiri fún olóògùn, àti Jimoh Buraimoh tó ń bá ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀ bójú tó iná, ibẹ̀ ni wọ́n ti di ayàwòrán. Wọn kì í ṣe ọmọ olówó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló gbé wọn dé òkè òkun. Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ń kówó jọ fún ló ya àwòrán, ẹ fi férémù tó dáa sí i. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ kan ṣoṣo bí alágbàtọ́ rẹ̀ bá gbà, ọjọ́ orí rẹ̀, àti àkọlé tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Kó mọ síbẹ̀.

Gbàǹjo máa ń dùn, ibẹ̀ náà sì ni gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi alága ìdúró lù ú o. Ó mọ èèyàn-án yẹ́ sí, àmọ́ ẹni tó bá kì débi tórí rẹ̀ fi wú á pariwo iye tí kò ní lọ́kàn àtisan. Wọ́n á lẹ àmì pupa mọ́ àwòrán pé ó ti tà, ọ̀gá á gbé e sínú ọkọ̀, "Ẹ wá rí mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé." Méjì nínú tiwa lọ báyẹn. Ọ̀kan la rí owó rẹ̀ gbà, lẹ́yìn oṣù méje. Àwòrán kò gbọdọ̀ kúrò lára ògiri títí owó fi máa wọlé, kí akápò sì fi ojú ara rẹ̀ rí i nínú àkáǹtì; àléètì tí olùrà ń nà sí yín lórí fóònù rẹ̀ kì í ṣe owó. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó pe iye tó tẹ̀ lé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè pè é lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni àkọ́kọ́ bá yẹ̀.

Àwọn kéékèèké: ọ̀dà olóròóró lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbẹ dénú, ẹ má wé e sínú ọ̀rá, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sá àdìrẹ sóòrùn. Ẹ gbọn ère igi wò. Bí lẹ́búlẹ́bú bá ń dà, kòkòrò ti ń gbé ibẹ̀. Bí olùrà bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ sókè òkun, pàápàá ère, kó ti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NCMM, àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n má baà dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ sọ fún un kó tó sanwó.

Ó ku ti àkáǹtì. Ẹ má gba owó àwọn ọmọ sínú àkáǹtì ẹnì kan, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ ààfáà. Báǹkì máa béèrè ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba, àti ti SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin mọ́, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláàánú, wọn kì í sì í rí i gbà lọ́sàn-án kan òru kan. Bẹ́ ò bá ní in, ẹ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ní in. Ẹ san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé. Ẹ ya rìsíìtì rẹ̀ ní fọ́tò, ẹ bo orúkọ ọmọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ra nǹkan, pẹ̀lú iye tẹ́ ẹ ná sórí ètò. Ìtìjú bá wa nígbà tá a fi tiwa ránṣẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, torí ìrẹsì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọmọ lọ. Obìnrin kan fèsì pé kí wọ́n fi oúnjẹ tòun sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, òun á jẹun kóun tó wá.