Ẹ Má Tíì Sanwó Ilé Ẹ̀kọ́: Bí Caregiver Ṣe Lè Fi Owó Ìjọba Kẹ́kọ̀ọ́ LPN ní Amẹ́ríkà

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe caregiver ní Maryland kí n tó di LPN (Licensed Practical Nurse), ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́nsì ṣùgbọ́n tí ipò rẹ̀ kò tíì tó ti RN. Lọ́dún mẹ́fà yẹn, ilé àwọn àgbàlagbà ni mo ń sùn ju ilé ara mi lọ. Mo mọ màmá tí kì í gbé oògùn mì àfi tí a bá kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé owó ìjọba wà tó lè rán irú wa lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo ti san 900 dọ́là àsansílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kan kí n tó gbọ́. Owó yẹn wọlé, kò jáde mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín: kí ẹ tó fọwọ́ kan owó àjọ yín, ẹ lọ sí American Job Center, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti ríṣẹ́ tàbí kọ́ṣẹ́. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní in. Ẹ tẹ orúkọ yẹn pẹ̀lú zip code yín sórí Google, èyí tó sún mọ́ yín á jáde. Òfin WIOA, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ tí Obama fọwọ́ sí lóṣù keje ọdún 2014, ni owó náà ń gbà wá. Tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ sọ pé iṣẹ́ lẹ ń wá, iṣẹ́ ni wọ́n máa bá yín wá. Ẹ dárúkọ ITA, ìyẹn Individual Training Account, owó tí wọ́n fi ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, kí ẹ sì sọ pé LPN lẹ fẹ́ kọ́. Tẹ́ẹ bá wà ní Texas tàbí California, LVN ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ló tọ́ sí. Rárá o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò tó gbọ́ bùkátà lè gbà á. Àwọn tí owó ń wọlé fún díẹ̀ àtàwọn tó ń gba food stamps ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí náà ẹ kó pay stub oṣù mẹ́fà tó kọjá dání, pẹ̀lú green card tàbí ìwé àṣẹ iṣẹ́. Wọn á béèrè Selective Service lọ́wọ́ ọkùnrin, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun bí ìjọba bá nílò rẹ̀. Ẹni tó ti kọjá ọdún 26 kó tó wọ Amẹ́ríkà kò ní in ṣe, ṣùgbọ́n kó mú ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé lọ. Wọ́n lè fún yín ní ìdánwò ìwé kíkà àti ìṣirò. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù.

Ibi tó kan àwa ọmọ Nàìjíríà jù rèé. Pell Grant wà, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, tí ẹ̀ ń gba FAFSA, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba fún owó ilé ẹ̀kọ́, béèrè fún lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè tó 7,395 dọ́là fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, kì í sì í ṣe gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní dìgírì àkọ́kọ́ kò lè gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ yunifásítì Nàìjíríà ló ti gbà á. Àwọn kan á ní kí ẹ fi dìgírì yín pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Irọ́ níwájú ìjọba àpapọ̀ ni, orúkọ yín lẹ sì máa fi gba láísẹ́nsì lọ́la. ITA kò ka dìgírì sí ìdíwọ́. Èmi tí mo ka ìmọ̀ ìṣirò owó nílé, ITA ló gbé mi dé ibi tí mo wà. Ẹni tí kò bá ní dìgírì, kó béèrè fún méjèèjì, torí wọ́n á kọ́kọ́ wo ohun tí Pell lè san.

Ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ yín nìkan ni ITA ń san fún. Ẹ gba àkọsílẹ̀ náà, kí ẹ wá wò ó lọ́dọ̀ Board of Nursing, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́nsì, iye akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń yege NCLEX-PN, ìdánwò láísẹ́nsì LPN. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ìyẹn, kò sì dùn mí. Iye tí wọ́n lè san yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ béèrè ti àdúgbò yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé yín, torí owó tẹ́ẹ ti san sẹ́yìn kò ní padà wá. Tèmi gba ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

Ẹ tún béèrè owó ọkọ̀, owó ẹni tó máa tọ́jú ọmọ, ìwé, aṣọ iṣẹ́, àti 200 dọ́là ìdánwò NCLEX. Òṣìṣẹ́ tó bá mi ṣe é jẹ́ èèyàn dáadáa, síbẹ̀ kò mẹ́nu bà á títí mo fi béèrè.

Ẹ̀kọ́ náà tó ọdún kan. Mo bẹ agency mi, wọ́n yí mi sí òru Friday dé Sunday. Ẹ tètè sọ fún tiyín, kí wọ́n lè wá ẹni tó máa rọ́pò yín lọ́dọ̀ àgbàlagbà tó ti mọ ọwọ́ yín. Èyí tí mo ń tọ́jú nígbà náà sunkún. Mo máa ń lọ kí i lọ́jọ́ Wednesday lẹ́yìn kíláàsì.