Iṣẹ́ Kan, Orúkọ Kan: Bí Àwọn Ọ̀dọ́langba Ṣe Lè Jọ Sọ Ìwà Ìlera Di Ohun Tó Mọ́ Wọn Lára

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 15, àwa méje la fẹnu kò pé a ó máa gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo wa pé sórí pápá, bọ́ọ̀lù ni kò sí. Kálukú ló rò pé ẹlòmíì máa mú un wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwa mẹ́ta la wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹyẹ nìkan ló wà lórí pápá. Kì í ṣe pé a ya ọ̀lẹ o. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa ni kò jẹ́ ti ẹnì kankan.

Ẹnjiníà iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó jẹ́ ará Faransé, Max Ringelmann, kọ̀wé nípa irú ẹ̀ lọ́dún 1913. Ó ní kí àwọn èèyàn fa okùn, ó wọn agbára wọn, ó sì rí i pé bí àwọn tó ń fà á ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò ń dín kù. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ wá rí i pé bí ohun tí kálukú ṣe bá hàn sí àwọn tó kù, ìmẹ́lẹ́ yẹn máa ń dín kù gan-an. Torí náà, bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá fẹ́ jọ kọ́ ìwà ìlera kan, orí bí ẹ ṣe máa pín iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ pẹ́ sí jù.

1. Ẹ má pọ̀ jù

Ẹ̀yin mẹ́ta sí márùn-ún tó. Tẹ́ ẹ bá ti tó mẹ́fà, ẹ pín ara yín sí méjì. Àwọn tẹ́ ẹ jọ máa ń ríra lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ mú: àwọn tó ń gbé nítòsí, àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní kíláàsì, tàbí tẹ̀gbọ́n tàbúrò nínú ilé kan náà. Ọ̀rẹ́ tó wà lọ́nà jíjìn lè jẹ́ ọ̀rẹ́ gidi, ṣùgbọ́n kò lè gbé bọ́ọ̀lù wá fún yín.

2. Ẹ mú ẹyọ kan

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbára dì máa ń fẹ́ ṣe gbogbo ẹ̀ tán lọ́jọ́ kan: kó máa sáré, kó máa tètè sùn, kó jáwọ́ nínú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, kó máa jẹ èso. Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo. Bó bá ṣòro láti yàn, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ ti kù díẹ̀ káàtó jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2020 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán wákàtí kan lójúmọ́ ṣe ohun tó ń mú kéèyàn mí gúlegúle, kí wọ́n sì máa ṣe ohun tó ń fún iṣan àti egungun lókun lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ti oorun, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2016 pé wákàtí 8 sí 10 ni ẹni ọdún 13 sí 18 nílò. Kí ojú má sì ti ẹnikẹ́ni. Nínú ìwádìí tí WHO gbé jáde lọ́dún 2019 láti orílẹ̀-èdè 146, nǹkan bí 81 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 ni kì í ṣe ìdárayá tó.

Tẹ́ ẹ bá yàn án tán, ẹ sọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tó ń kọjá lọ á fi lè mọ̀ bóyá ẹ ṣe é tàbí ẹ ò ṣe é. “A ó máa ṣe eré ìdárayá” kò nítumọ̀. “Lójoojúmọ́, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a ó rìn kíákíá fún ogún ìṣẹ́jú” ló nítumọ̀. Ogún ìṣẹ́jú kò tó wákàtí kan, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lára ná.

3. Ẹ tú iṣẹ́ inú rẹ̀ palẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á fẹ́ pín ìwà náà fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò ṣeé pín. Kò sẹ́ni tó lè bá ọ sun oorun tìẹ. Ẹlòmíì ò lè mu omi kó fi pa òùngbẹ ọ̀fun tìẹ. Ohun tó ṣeé pín ni wàhálà tó máa ń ṣáájú ẹ̀, òun ló sì máa ń dá èèyàn dúró sílé. Ẹ jókòó, kí ẹ bi ara yín pé: ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ṣáájú, kí ló máa ń ba tiwa jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìn yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan ní láti rántí, kó sì pe àwọn tó kù: olùpè nìyẹn. Ẹnì kan ní láti ti mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, kẹ́ ẹ má bàa dúró sẹ́nu géètì máa jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹnì kan á gbé omi. Ẹnì kan á máa wo aago, torí tí ogún ìṣẹ́jú bá ti ń di ogójì láìsọ tẹ́lẹ̀, àwọn tó níṣẹ́ nílé ò ní wá lọ́la. Ẹ wá ronú ibi tẹ́ ẹ máa lò bí òjò bá ń rọ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà náà ló ni ìyẹn.

Oorun ló ṣòro jù, tó sì dùn ún tú palẹ̀ jù. Ara ọ̀dọ́langba kì í tètè fẹ́ sùn: melatonin, èròjà tó ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé alẹ́ ti lẹ́, máa ń pẹ́ kó tó jáde lára wọn ju ti ọmọ kékeré lọ. (Oríkunkun làwọn àgbà máa ń pè é.) Ẹ ò lè yí ìyẹn pa dà, àmọ́ ẹ lè mú àwọn nǹkan tó ń dá kún un kúrò. Kí ẹnì kan máa béèrè ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ pé, “Iṣẹ́ àṣetiléwá wo ló wà fún ọ̀la?”, kó má bàa jẹ́ aago mọ́kànlá òru lẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Kí ẹnì kan jẹ́ olùtilẹ̀kùn: ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ó kọ “Ó dàárọ̀ o” sórí WhatsApp yín, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan mọ́. Kí ẹnì kan máa pe àwọn tó kù láàárọ̀, títí kan òpin ọ̀sẹ̀, torí sísùn di ọ̀sán gangan ní Sátidé ló máa ń ba alẹ́ Sunday jẹ́.

4. Ẹ fi orúkọ sí i

Iṣẹ́ kan, orúkọ kan. Kì í ṣe “Ẹ̀yin méjèèjì ẹ máa gbé omi.” Ẹ tún kọ ìgbà tó máa ṣe é sí i, àti ẹni tó máa gbà á ṣe bí kò bá sí ńlé: “Tí mo bá ti jẹun alẹ́ tán, mo máa rọ omi ọ̀la sínú ìgò wa. Tí mi ò bá ní wá, mo máa sọ fún ẹni tó ń wo aago kó tó di aago mẹ́rin.” Ẹ jẹ́ kí kálukú fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀.

Ta ni kẹ́ ẹ wá fi ṣe olùpè? Gbogbo èèyàn á nawọ́ sí ẹni tó ń ṣe déédéé jù. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹni tó máa ń gbàgbé jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún, torí kò sí bó ṣe máa pe ẹni mẹ́ta jáde kí òun fúnra ẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pààrọ̀ iṣẹ́. Ẹ má pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ máa dàrú.

5. Ẹ sàmì sí i níbi tí gbogbo yín á ti rí i

Bébà kan lára ògiri tó. Orúkọ iṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọjọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹni tó bá ṣe tirẹ̀ á fàmì sí i. Iṣẹ́ nìkan lẹ ó máa sàmì sí. Ìwọ̀n ara ẹnikẹ́ni, bó ṣe sanra tàbí bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, kò gbọ́dọ̀ dé orí bébà yẹn: ara yín ṣì ń dàgbà, òṣùwọ̀n á sì máa sáré sókè láìjẹ́ pé ẹ ṣe ohun tó burú. Ẹ má sì gbowó ìtanràn. Mo ti rí ibi tí gbèsè ìtanràn ti lé èèyàn lọ pátápátá.

6. Bẹ́nì kan bá pa á jẹ

Olùṣèwádìí kan, Phillippa Lally, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní University College London tẹ̀ lé èèyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ 12 kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ohun tuntun tó mọ́ èèyàn lára. Ọjọ́ 66 ni ní ìpíndọ́gba. Ọjọ́ 18 péré tó fáwọn kan, ìṣirò sì fi hàn pé ó lè gba ẹlòmíì tó ọjọ́ 254. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba nǹkan jẹ́ lọ títí. Torí náà, bẹ́nì kan ò bá wá, ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe báyìí. Ẹ bi í pé, “Ṣé iṣẹ́ yẹn wúwo fún ọ? Ṣé ká gbé òmíì fún ọ?” Bó bá ń pa á jẹ lemọ́lemọ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé aago tẹ́ ẹ mú ló ń bá iṣẹ́ ilé tirẹ̀ pàdé.

7. Ẹ sọ fágbà kan

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ẹni tó máa gbà kẹ́ ẹ jáde, tó sì máa jẹ́ kí gbogbo fóònù sùn sí pálọ̀, kì í ṣe yín. Ẹ sọ fún un níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ má fi í ṣe olùpè.

8. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá

Ẹ má ṣe é láìní ìdánwò. Tẹ́ ẹ bá ti dé ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ẹ yọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò díẹ̀díẹ̀: kí ẹni tó ń wo aago fi aago sílé, kí kálukú gbé omi tirẹ̀. Olùpè ló máa gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kó má pe ẹnì kankan. Kó kàn lọ dúró síbi tẹ́ ẹ ti máa ń pàdé ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kó máa wo ọ̀nà.