Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Kó Ẹbí Wá Sí Àkúrẹ́ Tàbí Oǹdó

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ìdílé tí ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn kó bọ̀ wá sí Àkúrẹ́ máa ń kọ́kọ́ bi mí: níbo ni owó ilé kò ti wọ́n, níbo ni iná ti ń pẹ́, níbo ni kò ti sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? Ìbéèrè wọn kò burú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ṣáájú. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni bí ìdílé náà ṣe ń lo ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, ọjọ́ tí kò sí ayẹyẹ, tí kò sí àlejò: ta ni ó ń mú ọmọ dé ilé ìwé, níbo ni a ti ń ra ata, ta ni a máa ń yà kí ní ìrọ̀lẹ́, aago mélòó ni gbogbo ilé tó péjọ sídìí oúnjẹ. Ibẹ̀ ni ohun tí a kà sí pàtàkì ti ń hàn, nítorí ohun tí a ń fẹnu sọ pé a fẹ́ lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí a ń ṣe.

Àṣìṣe tí mo rí jù, tí èmi náà sì ṣe, ni kí a wá wo ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní àsìkò tí ó rọ̀ wá lọ́rùn. Oṣù Keje ni mo wá gba ilé tí a kọ́kọ́ gbé. Kànga inú ọgbà ilé náà kún débi pé okùn kúkúrú ni a fi ń fa omi, onílé sì fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àìsí omi. Nígbà tí ó fi máa di ìparí oṣù Kìíní, ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé jáde, omi ọkọ̀ tánkà ni a sì ń rà títí òjò fi dé. Orí àpáta ni Àkúrẹ́ jókòó lé. Ẹni tí ó bá ti wo òkè Ìdànrè ti rí ìbátan àpáta tí ó wà lábẹ́ ilé tirẹ̀. Omi kì í pọ̀ nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀ àfi níbi tí ó bá ti sán tàbí tí ó ti rà di yẹ̀pẹ̀, ìdí nìyí tí kànga ilé kan fi lè gbẹ tí ti aládùúgbò rẹ̀ kò sì gbẹ. Nítorí náà, kò tó kí ẹ gbọ́ pé àdúgbò kan ní omi. Kànga ilé náà gan-an ni kí ẹ béèrè, kí ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé dípò onílé, kí ẹ sì dárúkọ oṣù Kejì.

Ẹni tí ó wá ní ọ̀gbẹlẹ̀ náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Odò Àlà tí ó gba inú ìlú kọjá máa ń dà bí ohun tí ọmọdé lè fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé tí ó wà létí rẹ̀ a sì máa wu ènìyàn nítorí atẹ́gùn. Ìgbà òjò ni odò náà ń sọ bí ilẹ̀ òun ti fẹ̀ tó. Èyí tí ó wá ní ọdún Kérésì ni kò rí nǹkan kan rárá, nítorí ìlú tí ó wọ aṣọ àlejò ni ó rí. Gbogbo ẹbí wà nílé, owó ń jáde, orin ń dún, ó sì padà sí Èkó lọ sọ fún aya rẹ̀ pé ìlú dùn. Oṣù Kejì ni yóò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àdúgbò Àkúrẹ́ ti dákẹ́ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, èyí tí ó jẹ́ ìbùkún fún ìdílé kan, tí ó sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n fún òmíràn.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ó tún ń dà wá láàmú jù. Ìdílé kan á ní nítorí kí àwọn lè máa rí ara wọn ni àwọn ṣe ń kó kúrò ní Èkó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bàbá kò kúrò níbẹ̀. Láti Èkó sí Àkúrẹ́ lé ní 300 kìlómítà, kò sì sí ẹni tí ó tún fẹ́ rin ọ̀nà náà lóru mọ́. Bàbá yóò wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, yóò padà ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí owó ọkọ̀ bá sì ti ń wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni yóò dà. Nígbà tí wọ́n wà ní Èkó, ọmọ ti máa ń sùn kí bàbá tó dé. Nísinsìnyí, ọmọ kò tíì sùn, ṣùgbọ́n bàbá kò sí. Bí ó bá jẹ́ pé jíjẹun alẹ́ pọ̀ ni ìdílé náà kà sí pàtàkì, kíkó lọ sí àdúgbò tí ó sún mọ́ ibi iṣẹ́ bàbá ní Èkó ìbá wúlò fún wọn ju Àkúrẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ àwọn tí ó ti sanwó ilé.

Àwọn kan tún máa ń rò pé Àkúrẹ́ jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo. Alágbàká ni àwọn iléeṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí. Ẹsẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wọ́ ní àyíká FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, tí ó ti wà láti ọdún 1981, ilé ibẹ̀ a sì máa jẹ́ ti ẹni tí ń gba yàrá kan ju ti ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́rin lọ. Ẹni tí ó gba ilé sí Ọbà-Ilé nítorí pé ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú, tí ó wá fi ọmọ sí ilé ìwé ní ọ̀nà Iléṣà, ti fi dandan lé e pé kí ọmọ náà máa la ìlú já láàárọ̀ àti ní ọ̀sán. Ẹ gba kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí takisí rin ọ̀nà náà ní aago méje àárọ̀ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Oǹdó kì í ṣe Àkúrẹ́ tí owó ilé rẹ̀ kéré. Láti ọdún 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wọ ibẹ̀ láti ìlú gbogbo, ó sì ṣeé ṣe kí ènìyàn gbé ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kí aládùúgbò rẹ̀ má mọ ilé tí ó ti wá. Oǹdó Ẹkìmọ̀gún ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀, àwọn àlejò sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìlú ẹbí ni síbẹ̀síbẹ̀: kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, ìyá àgbà kan yóò ti bi yín pé ilé ta ni ẹ ti wá. Ẹni tí ó fẹ́ kí ojú púpọ̀ máa ṣọ́ ọmọ òun yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí a máa ka iye ìgbà tí òun jáde yóò ráhùn.

Èyí ló mú kí pípadà sí ìlú baba ẹni gba ìṣirò ju bí a ti ń rò lọ. Ọkọ ń padà sílé ni, ṣùgbọ́n ìyàwó ń lọ sí ilé àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò di ti òkú síṣe, ìgbéyàwó àti ìkómọ, aṣọ ẹbí yóò di owó oṣooṣù, ilẹ̀kùn kò sì ní ṣeé tì mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Kò sí aburú nínú rẹ̀ bí tọkọtaya bá jọ fẹ́ ẹ. Àṣìṣe ni kí ọkọ dá pinnu, kí ó sì pe ìyàwó nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti dé ẹnu ọ̀nà, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé òwò ìyàwó yìí, pẹ̀lú àwọn oníbàárà tí ó fi ọdún mẹ́wàá kó jọ, ni ó ń bọ́ ilé. Oníṣòwò tí ó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Àkúrẹ́ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjà àti ṣọ́ọ̀bù máa ń wà ní títì lọ́jọ́ Ahéregbé, ọdún ìbílẹ̀ Àkúrẹ́. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ẹ̀sìn rẹ̀ gbà á láyè láti fara mọ́ ọn láìjà.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ má ṣe ṣí èyí tí ó wà ní SS2 tàbí SS3 nípò bí kò bá di dandan. Ilé ìwé ni ó ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, tí ó sì ń fi máàkì iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ ránṣẹ́, ilé ìwé tuntun sì lè má ní olùkọ́ fún gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ yín ti yàn. Ìsinmi gígùn tí ó ṣáájú oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ fi kó. Ẹ má sì ra ilẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, bí ó ti wù kí ajẹ́ǹtì mọ ọ̀rọ̀ sọ tó.

Nígbà tí a fẹ́ gba ilé kejì, ìyàwó mi ni ó lọ bá ayálégbé tí ń kó jáde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, oṣù Kejì ńkọ́?” Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n mú wa lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n fi dúróòmù mẹ́rin hàn wá. A gba ilé náà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ni ìyàwó mi lè fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ibẹ̀, a sì ra àwọn dúróòmù náà mọ́ ọn.